Ọmọ tó Ń Sùn Lọ́jọ́ Ìbẹ̀wò

Ní Kurseong, ìlú wa lórí òkè ní Íńdíà, ìkùukùu kì í kanlẹ̀kùn. Á gba ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tó ti mọ ilé tẹ́lẹ̀, á fi ọwọ́ tútù kan ènìyàn lọ́rùn, kí o sì tó yíjú, ògiri tó wà níwájú rẹ ti di èéfín. Inú irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Indrakala. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ síta bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé ìsìn, omi sì ń kán láti etí ìborùn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń rí ọmọ?"

Bí ẹni ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra epo ló ṣe béèrè é. Mo ní, "Ibí ni. Wọ bàtà ẹ, ilẹ̀ tutù."

Kò wọ̀ ọ́. Ó rọra wọlé, ó sì fìdí lé etí bẹ́ǹṣì bí ẹyẹ tí kò tíì pinnu bóyá òun máa dúró.

Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè mí. Hemlata ni orúkọ mi, àmọ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi pè mí. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni ilé wá dákẹ́. Aago ara ògiri nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀, òun náà kò sì ní ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Àsìkò yẹn ni adájọ́ tuntun kan dé kóòtù wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà. Ó ní òun ń wá àwọn àgbàlagbà tó lè yọ̀ǹda ara wọn láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n máa jókòó ti òbí tí kóòtù kò gbà láyè láti dá wà pẹ̀lú ọmọ tó bí. Mo ní ó dáa, màá ṣe é. Tíì nìkan ni wọ́n ń fún wa, tíì náà kò sì dùn.

Iṣẹ́ ẹni tó ń wo ni. O máa jókòó, o máa wò, o máa gbọ́. Òbí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọmọ létí. Kò gbọdọ̀ ṣe ìlérí tí kóòtù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Kò gbọdọ̀ mú ọmọ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìwọ tí ò ń wò náà kò sì gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ sétí ẹnì kejì. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé àtijọ́ kan lẹ́yìn pósítọ́fíìsì ni yàrá náà wà. Fèrèsé rẹ̀ dojú kọ àfonífojì, ẹní wà nílẹ̀, àwọn ohun ìṣeré díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ erin tí kò ní etí.

Ohun tó gbé Indrakala dé kóòtù, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Ìyàwó Dhanraj ni, awakọ̀ jíìpù tó ń kó èrò láti Siliguri gòkè wá. Nígbà tí ìyá tó bí Indrakala kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ìyá náà láti inú ìkùukùu. Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ohùn náà ń pè. Nígbà tó yá, ó ní kó gbé ọmọ-ọmọ òun wá kí òun rí i. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, Indrakala fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì tẹ̀ lé ohùn náà dé ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ti ń bọ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò rí wọn rárá, igbe ọmọ ló gbọ́. Ó fa bíréèkì, ọkọ̀ náà sì dúró níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń mú aṣọ ara wọn gbẹ.

Wọ́n gbé Indrakala lọ sí ọsibítù, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin náà àti ìyá tirẹ̀. Nígbà tí Indrakala padà dé, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó ń lo oògùn, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó sì ń já ewé tíì lóko, adájọ́ ní kó máa wá wo ọmọ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, níṣojú mi, títí òun yóò fi rí ohun tí òun fẹ́ rí.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń mú ọmọ wá. Jasmaya ni orúkọ rẹ̀, obìnrin kúkurú tí ẹnu rẹ̀ mú ju dòjé lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó fa ọmọ náà wọlé, ó sì yẹ gbogbo igun yàrá wò bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Bí mo ṣe fà á lé yín lọ́wọ́ ni mo fẹ́ gbà á padà o. Ojú méjì, etí méjì, súwẹ́tà kan."

"Ìyá, n kì í jẹ ọmọ."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí." Ó kọjú sí ògiri, ó gbé ohùn sókè. "Àwọn kan wà tí òkú ń pè lórúkọ. Kí wọ́n máa dá lọ. Kí wọ́n yé fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe alábàárìn."

Indrakala dìde, ó tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Hẹ̀n," ni Jasmaya dáhùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Junkiri ni wọ́n ń pe ọmọ náà, èyí tí í ṣe tanátaná, nítorí pé alẹ́ ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó ga níwọ̀nba, orúnkún rẹ̀ kún fún àpá. Ó wo ìyá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sórí ẹní, ó dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ìrọ̀rí, ó sì sùn.

Mo fẹ́ jí i. Indrakala gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ má jí i, Ìyá. Ó lè jẹ́ pé kò sùn dáadáa lóru."

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́bàá ẹní, kò sún mọ́ ọn jù. Ó wá bi mí pé, "Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sùn yẹn?"

"Bí etí mi bá ti ń gbọ́ ọ."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tó ń sùn, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀, bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ koríko. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun lo oògùn òun lánàá, òun sì lò ó láàárọ̀ yìí. Ó sọ iye ìgbà tí àkùkọ ẹ̀gbọ́n òun ti ṣubú láti orí òrùlé. Ó sọ pé òun lálàá pé àwọn igi tíì dìde ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn kọ́wọ̀ọ́ rìn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi lódò, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹsẹ̀ wọn ṣì tutù. Títí àkókò fi tó, ọmọ kò la ojú.

Nígbà tí Jasmaya dé, tó bá ọmọ lórí ẹní, ó pòṣé. "Ó sùn? Tíṣà, kí lẹ fún un mu? Nílé, ọmọ yìí kì í sùn. Tí mo bá ní kó sùn, á ní kí n kọ́kọ́ sọ bóyá ẹja ń sùn."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún sùn. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, bákan náà ni. Òjò ti wọlé nígbà yẹn, ó ń rọ̀ bí ẹni tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró. Olú ń hù lára ògiri. Ní gbogbo Sátidé ni ọmọ náà ń wọlé, á wo ìyá rẹ̀, á dùbúlẹ̀, á pajú dé, ìyá náà á sì máa sọ̀rọ̀. Nígbà míì, ìkùukùu á kún inú yàrá débi pé ohùn nìkan ni màá máa gbọ́, mi ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, á sì dà bíi pé inú kíláàsì mi àtijọ́ ni mo wà, lọ́wọ́ ọ̀sán, tí gbogbo ọmọ ń sùn, tí ọkọ mi ṣì wà nílé tó ń retí mi. Màá gbọn orí. Iṣẹ́ ẹni tó ń wo ni mo wá ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ alálàá.

Lọ́jọ́ kan, Indrakala ń sọ ìtàn ewúrẹ́ kan.

"Ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, dúdú ni. Ó wọ inú ìkùukùu lọ lánàá, nígbà tó máa jáde, ó ti funfun. Ẹ̀gbọ́n mi ní, 'Èyí kọ́ ni ewúrẹ́ mi.' Ewúrẹ́ ní, 'Ìwọ náà kọ́ lo ni mí, ẹni tó ni mí kò nírùngbọ̀n.' Ni ẹ̀gbọ́n mi bá fọwọ́ kan àgbọ̀n, irùngbọ̀n ti hù síbẹ̀, ó gùn dé àyà. Ló bá ní, 'Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!'"

Mo rí ẹnu Junkiri tó gbọ̀n. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ó tún fún un pọ̀, àmọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ ń ká sókè sódò, ká sókè sódò, bí ẹ̀rín ṣe gba ẹsẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n dínà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ náà kò sùn. Kò tíì sùn rí.

Lọ́jọ́ náà, mo bá Indrakala dé orí àtẹ̀gùn, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó dé. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀, àbí?"

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé kò sùn. Èmi ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Junkiri máa ń hanrun bí bàbá àgbàlagbà. Láti ìkókó ni. Mi ò gbọ́ kó hanrun rí níbí."

"Kí ló dé tó ò pè é, kó dìde?"

Ó fi ìborùn bo orí. "Ìyá, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá sá sábẹ́ òkúta, tẹ́ ẹ bá ṣí òkúta, á tún sá jìnnà sí i. Ó ń gbọ́ mi. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ mi bẹ́ẹ̀." Ó sì wọ inú òjò lọ.

Nígbà kan lẹ́yìn ìyẹn, Jasmaya pẹ́ kó tó wá gbé ọmọ. Indrakala ti lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn, Junkiri dìde jókòó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Màmá Tíṣà, ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ."

"Ṣé ọlọ́pàá ló mú wọn?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi lọ. Oko tíì ni wọ́n padà sí."

Ó ronú sí i. Ó mú erin tí kò ní etí, ó ń fọwọ́ pa ibi tó yẹ kí etí wà. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

"Mo ti sọ̀rọ̀ rí," ló wí. "Ọlọ́pàá fún mi ní súìtì. Ó ní kí la wá ṣe lójú irin. Mo ní ìyá Màámi tó ti kú ló ń pè wá. Ni wọ́n bá gbé Màámi sínú mọ́tò. Màámi ń nawọ́ sí mi, mọ́tò sì lọ." Ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín ìka. "Tí mo bá dákẹ́, wọn ò ní mú wọn mọ́."

Mo ní, "Junkiri, kì í ṣe ẹnu rẹ ló mú wọn lọ. Àìsàn ni. Wọ́n gbé wọn lọ gba ìwòsàn."

Ó wò mí bí àwọn ọmọdé ṣe ń wo nọ́ọ̀sì tó ní abẹ́rẹ́ kò ní dun wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi bí òkúta inú bàtà. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà sọ fún ìyá rẹ̀? Òfin ní n má gbé ọ̀rọ̀ káàkiri. Mo sọ ọ́ fún adájọ́, ó fi súwẹ́tà òkè wé ara rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Tíṣà, ẹ ní sùúrù. Ọmọ náà ló máa yan ọjọ́ tó máa sọ ọ́." Mo padà sórí àga mi, mo ń wo ọmọ tó ń díbọ́n pé òun sùn àti ìyá tó ń díbọ́n pé òun kò mọ̀.

Òpin àsìkò òjò ni òkè ya. Sátidé ni. A wà nínú yàrá, Indrakala ń sọ̀rọ̀ lọ, la bá gbọ́ ìró kan bí ẹni ń fa aṣọ ńlá ya láti òkè délẹ̀. Fèrèsé gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo pa rọ́rọ́, kódà ajá kò gbó. Junkiri ti la ojú, ó sì yára pa á dé.

Nígbà tó yá, Jasmaya pè mí lórí fóònù. Ó ń pariwo bí ẹni tí kò gbà pé fóònù ń gbé ohùn.

"Tíṣà! Ilẹ̀ ti gbé ọ̀nà mọ́tò lọ! Mi ò lè gòkè wá! Dhanraj wà ní Siliguri, òun náà ò lè wá! Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà. Kò séwu."

"Ojú irin ṣì dúró láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo èèyàn ló ń gba ibẹ̀. Ọkọ̀ ò rìn lónìí. Ẹ mú un gba ibẹ̀ wá kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo wo orúnkún mi, mo wo ìkùukùu tó dí ojú fèrèsé. "Ìyá, orúnkún mi ò lè gbé ọmọ tó bá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí mo bá ṣubú ńkọ́?"

Ó ti mọ ohun tí mo máa sọ kí n tó sọ ọ́. "Obìnrin yẹn ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé yín o. Lójú irin? Lójú irin kan náà?"

"Kò sẹ́lòmíì níbí."

Mo ti pe akọ̀wé kóòtù kí Jasmaya tó pè mí, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. Mo ń gbọ́ bí Jasmaya ṣe ń mí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pariwo mọ́. "Ojú yín ni mo fi ọmọ mi sí, Tíṣà. Ẹ wà láàárín wọn."

Bá a ṣe gbéra nìyẹn. Mo wà láàárín. Junkiri di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, Indrakala wà lápá òsì, ó gbé agboòrùn lé mi lórí, òjò sì ń pa òun. Ìkùukùu ti gbé gbogbo ayé mì, ó ku ojú irin méjì tó ń dán níwájú wa tó sì ń parẹ́. Àfọ́kù òkúta àti igi tó ti ṣẹ́ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ti inú funfun jáde pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n á kí wa, wọ́n á tún yọ́ wọ inú funfun padà, o ò ní mọ̀ bóyá o rí wọn ní tòótọ́. Ọkùnrin kan gbé odindi ilẹ̀kùn kan sẹ́yìn. "Ilé lọ," ló wí fún wa, "ilẹ̀kùn ló kù," ó sì rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

A ń rìn bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kọ́nà kan ń bọ̀ níbi tí ojú irin ti fi ìdí òkè ṣe ìrọ̀rí, tí omi ń já bọ́ láti ara àpáta. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti dúró ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yẹn.

Nígbà tá a dé ibẹ̀, Junkiri dúró. Mo fà á lọ́wọ́ díẹ̀, kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ ti di yìnyín. Indrakala náà dúró. "Ìyá," ló wí, "ibí ni."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Ìkùukùu nípọn níbẹ̀ ju ibikíbi lọ, ó ń yí, ó ń ṣí, ó ń pa dé bí ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba èmi náà, kí n má purọ́. Mo rò ó pé bí ohùn kan bá lè ti ibì kan jáde láyé yìí, ibẹ̀ ni.

Junkiri wá gbé ojú sókè, ó yọ orí láti ẹ̀yìn ìró mi, ó wo ìyá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là.

"Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ wọn?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ yẹn. Mo rí i bó ṣe ba Indrakala bí òkúta tó bọ́ sínú kànga. Kò sáré dáhùn. Ó pa agboòrùn dé kí òjò orí rẹ̀ má bàa dí etí, ó sì tẹ́tí. Ó tẹ́tí dáadáa, lóòótọ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀.

"Rárá," ló wí. "Omi ni mò ń gbọ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Omi."

"Bi Màmá Tíṣà."

"Omi," mo ní, "àti orúnkún mi tó ń bú mi."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló jáde. "Èmi ni mo sọ fún ọlọ́pàá," ló ké. "Èmi ni, Màámi! Èmi ni mo sọ ọ́ tí wọ́n fi gbé yín lọ!"

Indrakala kúnlẹ̀ sórí òkúta, ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lọ́hùn-ún, èmi ṣì wà láàárín bí òpó. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

"Junkiri, gbọ́. O kígbe, ọkọ̀ dúró. O sọ̀rọ̀, wọ́n gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tí kì í bá ṣe ẹnu ẹ, èmi àti ìwọ ì bá má sí níbí tí òjò ń pa wá yìí. O ṣeun. Ṣé o gbọ́? O ṣeun, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tó o bá rí ohun tí kò dáa lára mi, kígbe. Sọ fún bàbá ẹ, sọ fún ìyá àgbà, sọ fún ewúrẹ́ pàápàá."

"Ewúrẹ́ onírùngbọ̀n?"

"Òun gan-an. Áà, o gbọ́ ìyẹn? Mo ṣe bí o sùn ni."

Junkiri fi ìró mi nu imú. Mo jẹ́ kó nù ún. Indrakala gbójú sókè sí mi, òjò àti omijé ti dà pọ̀. "Ìyá, ṣé mo lè gbé e?"

Kóòtù kò kọ ìdáhùn ìyẹn síbì kankan fún mi. Mo kúrò láàárín wọn.

"Gbé e," ni mo wí.

Ó gbé e pọ̀n, ó fi ìborùn rẹ̀ dì í, a sì ń lọ. Láti ibẹ̀ dé ilé, ẹnu ọmọ náà kò dákẹ́ mọ́. Ó béèrè bóyá àkùkọ ṣì ń ṣubú, bóyá ẹsẹ̀ igi tíì ti gbẹ. Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí mọ́, ó dà bí ẹni pé ìkùukùu ló gbé mi.

Jasmaya ti dúró sétí ojú irin pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ sì ti fẹ́ máa ṣú. Nígbà tó rí ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó lanu, mo múra sílẹ̀ fún èébú. Indrakala kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dúró ní ọ̀ọ́kán, lábẹ́ etí òrùlé aládùúgbò kan, ó tú ìborùn, ó sọ ọmọ kalẹ̀.

"Màámi, ẹ wá," ni Junkiri wí.

"Ibi tí òfin ní kí n dé nìyí."

Ọmọ náà sáré lọ bá ìyá àgbà rẹ̀. Jasmaya yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ kan etí méjèèjì bí ẹni ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló tan tọ́ọ̀ṣì sí Indrakala. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù lójú ọ̀nà, a kò mọ ìgbà tó bọ́.

"O wá dúró síbẹ̀ bí òpó iná," ni Jasmaya wí. "Wọlé wá yáná. Kóòtù ò sí nínú òjò."

Indrakala mi orí. "Ẹ ṣé, Màmá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí n wọlé, màá wọlé. Tí mo bá wọlé lónìí, wọ́n lè ní kí n má wá mọ́ títí láé."

Ìyá arúgbó náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ife tíì ló gbé lọ́wọ́, ó fi bàtà ara rẹ̀ kan sábẹ́ apá, ó sì gbé wọn wá fúnra rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Mu ún kó tó tutù," ló wí. "Má dá mi lóhùn." Indrakala mu ún níbẹ̀, lórí ìdúró.

Mo sọ ohun gbogbo fún adájọ́, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Lọ́yà Dhanraj dìde, ó fẹ̀ bí ìyẹ́ tòlótòló. "Ẹ mú ọmọ padà sójú irin tí wọ́n ti fẹ́ pa á? Pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ pa á?"

"Ẹsẹ̀ mi ló mú un," mo ní. "Ọ̀nà míì ò sí."

Jasmaya dìde láàárín èrò. "Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un wá! Ṣé ìwọ ni ì bá gbé e wá, pẹ̀lú bàtà dídán yẹn?" Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó, àmọ́ ó ṣì ń ráhùn. Dhanraj, ọmọ rẹ̀, ń wo Indrakala, Indrakala sì ń wo ilẹ̀.

Adájọ́ ní mo rú òfin. Ó ní ẹlòmíì ni yóò máa jókòó tì wọ́n láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì fà mọ́ wọn. Ó dùn mí gan-an. Mo délé, aago ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo náà, mo jókòó, mi ò dáná. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé kò jẹ̀bi. Ẹni tó ń wo kò gbọdọ̀ di ìyá ẹni tó ń wò.

Ọkùnrin kan ló gba ipò mi. Wọ́n ní ọmọ náà kò sùn rí lójú rẹ̀, pé ariwo wọn pọ̀ débi tó fi ń ki òwú sétí. Nígbà tí òtútù wọlé, adájọ́ ní kí Indrakala máa mú ọmọ rẹ̀ jáde lọ́sàn-án láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn, kó sì máa dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ti pé bóyá òun àti Dhanraj yóò tún gbé pọ̀, ìyẹn ni n kò mọ̀. Dhanraj ti fi jíìpù gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà rí, mo rí wọn lójú ọ̀nà, ó jókòó sẹ́yìn bí èrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí ìkùukùu rárá, tí Kanchenjunga, òkè ńlá oníyìnyín náà, yọ funfun gbòò lókè orí ìlú bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo rí wọn níbi ìdúró ọkọ̀. Wọ́n jókòó sínú oòrùn, wọ́n ń bó ọsàn. Junkiri ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àpèjúwe nǹkan ńlá kan tí mi ò mọ̀. Indrakala ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọsàn dí i lẹ́nu.

"Jẹ ọsàn," mo gbọ́ tó ń wí. "Jẹ ọsàn, jọ̀ọ́, kí etí mi lè sinmi díẹ̀."

Wọn kò rí mi. Mi ò sì pè wọ́n. Mo fa súwẹ́tà mi mọ́ra, mo ń gòkè lọ sí ẹ̀yìn pósítọ́fíìsì, nítorí pé bàbá kan ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà láti wá wo àwọn ìbejì rẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀kan nínú wọn máa ń geni jẹ.